Ọ̀nà Kejì Tíṣà Jóṣúà

"Ẹ kà á sókè, Tíṣà. Ẹ kà á kí etí tèmi náà gbọ́ ọ."

Ìyáàfin Ọláyínká, pìrìnsípà ilé-ìwé náà, ti fọ́ọ̀mù kan kọjá lórí tábìlì. Tíṣà Jóṣúà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Bó bá fi gbogbo omi ọ̀sà tó wà ní Marina nu awò yẹn, ohun tó wà lórí ìwé kò ní yí padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Mà, ibi tí wọ́n kọ 'Ọ̀nà kejì, bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe' sí yìí..."

"Ẹn-ẹ́n. Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

Ó wúkọ́ díẹ̀. "Mo kọ ọ́ pé, 'Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká nílò rẹ̀.'"

"Ẹ sì wá fọwọ́ sí i."

"Mo fọwọ́ sí i, mà. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, mà."

"Èmi ò kà débẹ̀!" Pìrìnsípà gbá tábìlì. "Ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá tò ó jọ, á ga ju ilé ńlá Marina lọ. Mo rò pé tíṣà jọ́gíráfì ló kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé pásítọ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n fẹ́ lọ, lápá Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, pè é lórí fóònù pé òjò ọjọ́ mẹ́rin ti gbé afárá odò lọ, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ inú igbó náà títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ọjọ́rú lọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yẹ kí Ẹgbẹ́ Arìngbó ilé-ìwé gbéra.

"Ẹ gbọ́," ni pìrìnsípà wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Kí aago mẹ́wàá ọ̀la tó lù, kí ọ̀nà mìíràn wà lórí tábìlì yìí. Ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì, ogójì kìlómítà, bí òfin ẹgbẹ́ yín ṣe wí. Ibi tí wọ́n á ti mu omi, ibi tí wọ́n á sùn sí. Bí kò bá sí, kò sí ìrìn kankan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ sọ fún àwọn ọmọ náà. Èmi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹnu mi ò gbà á mọ́."

Àárẹ̀ tó mú Jóṣúà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì náà, bí wọ́n bá bù ú fún gbogbo Èkó, kálukú á sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, á sì tún ṣẹ́ kù fún àwọn ará Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, epo bẹntiróò wọ́n títí awakọ̀ fi pa fóònù rẹ̀. Lọ́dún kejì, ètò ìdìbò dí ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde ti di ẹrù wọn sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tú u. Zayd, tó jẹ́ olórí wọn nígbà àkọ́kọ́, ti ń ta ike fóònù lójú títì báyìí, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí Jóṣúà á kọjá tí kò ní pariwo láti òdìkejì pé, "Sà! Bàtà mi ṣì wà ńlẹ̀ o! Ìgbà wo là ń lọ?" Jóṣúà tilẹ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nítorí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn.

Àwọn mẹ́rìnlá tọdún yìí wá yàtọ̀. Fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé àpò tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ rìn yí Tinúbú ká, wọ́n á já sí Marina, wọ́n á gba etí omi padà, àwọn ọlọ́jà á sì máa bi wọ́n bóyá ìjọba ló lé wọn nílé. Wọ́n ti làágùn tó pọ̀ débi pé bí wọ́n bá dà á sí garawa, wọn ò ní fa omi mọ́ nílé-ìwé títí di Kérésì. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò ìkẹyìn wọn. Bí wọn ò bá rìn ní ìsinmi kékeré yìí, ìwé-ẹ̀rí arìngbó ti di àlá nìyẹn.

Khairiyyah, olórí wọn, ló dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ojú rẹ̀ sì le bíi ti ìyálé ilé.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ọ̀gá pè yín. Ṣé ó ṣì wà, sà?"

Ó yẹ kí Jóṣúà sọ òótọ́. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

"Ó wà."

"Bí ti àtẹ̀yìnwá kọ́, sà?"

"Mo ní ó wà, Khairiyyah. Lọ sí kíláàsì."

*

Nínú agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni Jóṣúà ń gbé láti ọdún mọ́kànlá. Ìjẹ̀ṣà ni, onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí sì ni gbogbo agbo ilé náà láti orí bàbá ńlá wọn. Alhaja Àlímọ̀t, tó ni ilé náà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì lè pe ènìyàn láti Ìsàlẹ̀ Èkó kí onítọ̀hún dáhùn ní Kútọnu. Ó jókòó lọ́nà àbáwọlé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Alhaja. Ọ̀nà ló kú." Ó ju ara rẹ̀ sórí àpótí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: odò, afárá, fọ́ọ̀mù, aago mẹ́wàá ọ̀la.

Alhaja fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. "Ọ̀nà kì í kú. Ẹsẹ̀ ló máa ń pa á tì. Ọjọ́ mẹ́ta lásán lẹ̀ ń wá kiri? Ìwọ ò sì bi mí."

"Ṣé mo mọ̀ pé ẹ ní ọ̀nà nínú igbó ni?"

"Ṣé ìgboro yìí ni wọ́n bí mi sí ni? Abà Sùnmọ́nù, lápá Ẹ̀pẹ́, bàbá mi ló ni ín. Láti abà la ti ń ru àgbọn àti gaàrí lọ sí Ọjà Etídò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó wọn wá sí Èkó. Inú igbó ni gbogbo ẹ̀. Àgbọn ogún ló máa ń wà lórí mi, tí màá tún pọn àbúrò mi sẹ́yìn, tí màá tún máa jà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà."

Jóṣúà ti fa ìwé yọ. Gbogbo àárẹ̀ ara rẹ̀ dìde dúró, ó ní òun ń bọ̀. "Ó jìn tó báwo?"

"Ìrun mẹ́rin."

"Báwo ni ìrun mẹ́rin, Alhaja?"

"Ìwọ náà kọ ọ́. A á kírun, a á gbéra, ibi tí ìrun tó tẹ̀lé e bá ti ká wa mọ́, ibẹ̀ nìyẹn. Láti abà dé Ìdí Orógbó, ìrun kan. Láti Ìdí Orógbó dé odò Ayọ̀, ìrun kan. Láti odò dé Abà Onígaàrí, ìrun kan. A á sùn síbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ọjà Etídò, ìrun kan. Ta ló ní aago nígbà yẹn? Bàbá mi ní ìrun ni aago wa, kì í sì í tán ní bátìrì."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń kọ ìwé ìhágún. Lẹ́yìn náà, Alhaja fún un ní nọ́ńbà Haleem, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń dáko ní abà náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, ó dà bí ẹni pé inú ìkòkò ni Haleem wà.

"Ọ̀nà wà ńbẹ̀ digbí, sà! Ọ̀kadà ni ò lè gbà á, ẹsẹ̀ ń gbà á. Àwa náà là ń gbà á lọ sóko."

"Omi ńkọ́?"

"Omi wà ní Ìdí Orógbó, omi wà lódò. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bọ̀."

"Ṣé kò jìn jù fáwọn ọmọ iléèwé?"

"Há! Kò jìn rárá, sà. Ẹ̀yìn ibí yìí náà ni."

Ẹni tó bá mọ ará abà mọ̀ pé bí o bá bi wọ́n pé ṣé Mẹ́kà jìn, wọn á ní kò jìn. Ẹni tó bá sọ fún àlejò pé ọ̀nà jìn, ṣebí ó ń lé e padà sílé ni. Ṣùgbọ́n inú Jóṣúà ti dùn kọjá kó rántí ìyẹn.

Ó wá ku ìṣirò. Wákàtí mélòó ló wà láàárín ìrun kan sí èkejì? Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́sálásí kan wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìrun ọ̀sán ní nǹkan bí aago kan, ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ tó kàn ni ti kíláàsì àṣejáde. Bí wọ́n bá tún pè lẹ́yìn tílé-ìwé ti pa, tó ń máàkì ìwé, aago mẹ́rin ti lù. Wákàtí mẹ́ta gééré. Fún ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbọ́ ọ. Wákàtí mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin jẹ́ méjìlá. Ènìyàn tó gbé ẹrù a máa rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan. Méjìdínláàádọ́ta kìlómítà! Bí wọ́n bá pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni. Àwọn ọmọ tó gbé iyẹ̀pẹ̀ yí Tinúbú ká á fi ìyẹn jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Ó sun oorun lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe oorun kékeré. Oorun tó ní gbòǹgbò ni.

*

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Ọláyínká ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ó ka iwájú, ó ka ẹ̀yìn, ó ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ fọ́ọ̀mù náà, bí ó bá ṣeé ṣe ì bá ka inú tákàdá.

"Ìrun kan yìí, wákàtí mẹ́ta ni?"

"Wákàtí mẹ́ta, mà."

"Ó dá yín lójú? Èkìtì ni mo ti wá, Tíṣà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi tọ́ mi."

"Mọ́sálásí ò kúkú jìnnà sí wa, mà. Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́."

Bẹ́ẹ̀ làwọn onígbàgbọ́ méjì jókòó, tí wọ́n ń fi ìrun mùsùlùmí wọn ọ̀nà. Pìrìnsípà fa bírò yọ, ó fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ kíyè sí ibi tí wọ́n kọ "Ọ̀nà kejì" sí nínú fọ́ọ̀mù tuntun náà. Jóṣúà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí pé ọ̀nà kejì gan-an ló kọ sókè, kí ló tún kù?

Ariwo táwọn ọmọ náà pa nígbà tó sọ fún wọn, ẹja ọ̀sà gbọ́ ọ wọ́n sì sá lọ sí Badagry. Khairiyyah nìkan ni kò pariwo. Ó kàn wo Jóṣúà, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì yára yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà tó di ọ̀sán, òun àti Jóṣúà lọ sí Òkè Àrin lọ ra oúnjẹ ìrìn. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni wọ́n lọ. Alhaji Jimoh ń ta mílíkì, súgà àti bísíkíìtì ní páálí-páálí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé páálí wọlé tó ń gbé òmíràn jáde, òógùn sì ti sọ jálámíà funfun rẹ̀ di àwọ̀ ẹ̀kọ. Khairiyyah wọ inú lọ láti lọ ka bísíkíìtì.

"Tíṣà wa," ni Jimoh wí, ó fẹ̀yìn ti páálí. "Ọmọ yẹn, bí mo bá rán an níṣẹ́ lọ sí Balógun, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí títí tó fi máa dé. Oṣù mẹ́rin ló fi bẹ̀ mí. Kò jẹ́ kí n jẹun, kò jẹ́ kí n sùn, ìgbà tí mo bá tún wà lórí ìkírun, á dúró sẹ́yìn mi, á máa mí hẹ̀-ẹ̀-ẹ̀."

Jóṣúà rẹ́rìn-ín. "Olórí wọn ni. Ó le, Alhaji."

"Ó ń ṣe bí ẹni tó le. Ọdún tó kọjá, oòrùn mú un ṣubú níbi eré ìje. Òun ò ní sọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ mọ igbó, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ìrìn náà ò ju agbára rẹ̀ lọ, mo ti gbà."

"Kò ju agbára rẹ̀ lọ, Alhaji. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ péré ni."

"Alihamudulilahi."

Ìgbà náà ni mọ́sálásí Òkè Àrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Jimoh gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó kérora, ó wá kẹ́tù omi rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀yìn mi o! Láti ìgbà tí mo ti kí àsùbá ni mo ti wà lórí ìdúró. Ìrun kan sí ìrun kan péré, ẹ wò ó bí mo ṣe rí."

Jóṣúà ń fàlà sí súgà nínú ìwé rẹ̀. Bírò náà dúró.

"Alhaji. Ìrun wo lẹ fẹ́ lọ kí yìí?"

"Àìlà ni."

"Òun ló tẹ̀ lé àsùbá?"

"Kí ni ì bá tún tẹ̀ lé e?"

"Kò sí òmíràn láàárín méjèèjì?"

Jimoh wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún wa ni? Márùn-ún yìí gan-an, à ń du ú!" Ó gbé kẹ́tù, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Jóṣúà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ti kọjá. Àsùbá ti òwúrọ̀ yẹn, ó gbọ́ ọ dáadáa, torí òun ló jí i; aago mẹ́fà kò tíì lù. Ó kà á lórí ìka. Ó tún un kà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbọ́ ti àárọ̀ tó ń gbọ́ ti ọ̀sán, kò sì fi ọjọ́ kan gbé èkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Wákàtí méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òógùn ara rẹ̀ di omi yìnyín.

"Sà?" Khairiyyah ti jáde pẹ̀lú bísíkíìtì lọ́wọ́. "Ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Dúró lọ́dọ̀ bàbá ẹ. Má tíì di nǹkan kan."

*

Bó ṣe ń já bọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kò rántí gba ẹ̀yìnkùlé.

"Sà!" Zayd ni, láàárín ike fóònù rẹ̀. "Wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí i! Ẹ wá mú mi lọ pẹ̀lú wọn, bàtà mi ṣì wà ńlẹ̀ o!"

Jóṣúà gbé ọwọ́ sókè sí i, ó kọjá.

Alhaja ti kírun tán, ó ń ká ẹní.

"Ìrun wo sí ìrun wo ni, Alhaja?"

"Kí ni?"

"Ọ̀nà Abà Sùnmọ́nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi."

"Ti àkọ́kọ́, àsùbá sí àìlà. Èkejì, àìlà sí àlàásárì. Ẹ̀kẹta, àlàásárì sí màgàríbì. Lọ́jọ́ kejì, àsùbá sí àìlà, o ti dé ọjà." Ó wo ojú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Méje, mẹ́ta, mẹ́ta, méje. Ogún wákàtí. Ọgọ́rin kìlómítà, nínú ẹrẹ̀, fáwọn ọmọ tí afárá gíga jùlọ tí wọ́n gùn rí jẹ́ ti títì. Tí wọ́n bá sì tẹ̀ lé ìwé tí pìrìnsípà fọwọ́ sí, ilẹ̀ á ṣú bá wọn láàárín igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Mo rò pé ọgbọọgba ni wọ́n, Alhaja. Mo pe gbogbo wọn ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí? Ta ni kò mọ̀?"

"Èmi."

Alhaja fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti ya ẹnu tán kó tó rí i pé ọkùnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, kò tilẹ̀ wá àpótí. Ó pa ẹnu dé. Ó jókòó tì í.

"Báwo lẹ̀yin ọmọdé ṣe ń rìn ín?" ni Jóṣúà béèrè.

"A ń sunkún rìn ín ni. O rò pé eré ni? Láàárín abà sí Ìdí Orógbó, igi àràbà kan wà, omi kan ń sun nídìí ẹ̀, ó mọ́ gaara. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ wa máa ń kọ̀. Àwa ọmọdé á ká rúgúdú sílẹ̀, ìyá mi á sọ ẹrù kalẹ̀, á fọ́ àgbọn fún wa jẹ. Bá a ṣe ń sunkún la ó máa jẹ ẹ́." Ó mi orí. "Ibi Ẹkún Ọmọdé ni wọ́n ń pè é."

"Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ fún mi lánàá."

"A kì í kírun níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á?"

Jóṣúà fa fóònù yọ. Ó pe Haleem lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó wọlé.

"Omi ìdí àràbà? Ó wà o, sà! Ibẹ̀ la ti ń pọnmi sóko. A ti ṣán abẹ́ ẹ̀, ó tẹ́jú bíi pápá bọ́ọ̀lù."

"Ṣé ó jìn sí abà?"

"Kò jìn rá..."

"Haleem, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má sọ pé kò jìn. Bó o bá kúrò lábà lẹ́yìn àsùbá, tó o gbé ẹrù, níbo ni oòrùn á wà kó o tó débẹ̀?"

Nígbà tí Haleem máa fèsì, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Á tó aago mẹ́wàá, sà. Láti ibẹ̀ sí Ìdí Orógbó, bákan náà ni. Àwa àgbà là ń sọ yẹn o."

Jóṣúà kọ ọ́ sílẹ̀. Abà sí ìdí àràbà, ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí àràbà sí Ìdí Orógbó, ọjọ́ kejì. Ìdí Orógbó sí odò Ayọ̀, ọjọ́ kẹta, kí ọkọ̀ wá gbé wọn níbẹ̀. Ìrun méjì péré. Ogójì kìlómítà, kò lé, kò dín. Ọjà Etídò tí gbogbo wọn ti ń yà sínú ìwé, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti àgbọn, wọn ò ní fojú kàn án. Kò tilẹ̀ dájú pé pìrìnsípà máa gbà. Ẹni tó ti ṣe àṣìṣe báyìí lórí ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ta ló fẹ́ tún fọwọ́ sí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta?

Ó kúkú lè dákẹ́. Ìwé ti gba òǹtẹ̀. Wọ́n á dé inú igbó kó tó yí ọ̀nà padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá Khairiyyah ti gbà, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ló gbọ́, àwọn ọmọ lágbára, Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí...

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó gé ọ̀rọ̀ náà jẹ lẹ́nu bí ẹni gé ata mọ́ ahọ́n. Ó dìde, eegun rẹ̀ ń dún bí àga ilé-ìwé.

"Ibo lò ń lọ?" ni Alhaja béèrè.

"Ilé-ìwé."

"O ò tíì jẹun."

"Màá jẹ, Alhaja."

*

Ìyáàfin Ọláyínká ti gbé báàgì kọ́ apá, ó fẹ́ máa lọ sílé. Jóṣúà tẹ́ fọ́ọ̀mù náà síwájú rẹ̀. Lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó fi bírò fa ìlà gba orí gbogbo wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta tó kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀.

"Tíṣà! Ìwé tí mo fọwọ́ sí nìyẹn!"

"Irọ́ ló wà nínú rẹ̀, mà. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó ṣàlàyé. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó sọ ti àsùbá, ó sọ ti àìlà, ó sọ ti ọgọ́rin kìlómítà. Pìrìnsípà gbé báàgì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fáànù òkè ń yí, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fi tipá gbé ṣiṣẹ́.

"Èmi náà fọwọ́ sí i," ló sọ níkẹyìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo bi yín bóyá ó dá yín lójú, ẹ ní ó dá yín lójú. Ṣùgbọ́n Afusat tó ń kọ́ wọn ní kéú wà ní yàrá kejì. Ẹnu ọ̀nà ni mi ò lè yọjú sí láti béèrè." Ó jókòó. "Ọjà tẹ́ ẹ ṣèlérí fáwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọn ò ní rí i, mà."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Bàbá Khairiyyah ńkọ́?"

"Èmi náà ni, mà. Mo sọ pé wákàtí mẹ́rin fún un. Ìrìn àgbà nìyẹn; fáwọn ọmọ, nínú ẹrẹ̀, ìdajì ọjọ́ ni. Bó bá ní ọmọ òun ò lọ mọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́."

Pìrìnsípà mú bírò rẹ̀. Kò fọwọ́ sí i, kò sì fà á ya.

"Níbo ni wọ́n máa sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Níbi táwọn ọmọdé ti máa ń sunkún, mà. Omi wà níbẹ̀."

Obìnrin náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó rẹ́rìn-ín lọ. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni pìrìnsípà ṣí ìwé náà sí ojú ewé kejì, ó gbé ìka lé ibi kan tó funfun báláú. *Ọ̀nà kejì, bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe.*

"Bí òjò bá gba ibí yìí náà ńkọ́, Tíṣà?"

Jóṣúà wo àlàfo náà. Ó fẹ̀ bí pápá. Àárẹ̀ àná, ti òní, ti ọdún mẹ́ta gbáko dà lé e léjìká lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, mọ́sálásí bẹ̀rẹ̀ sí í pe àlàásárì. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ àkókò náà sí etí ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ẹ bá mi ké sí Afusat, kí n bi í kí n tó kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Ó wá fa àga, ó jókòó.